Òróró mọ́kànlá nínú ìgò kan: níbo ni mo ti ṣì í?

Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣèlérí pé ẹ ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ti ń lọ sí oṣù méjì tí mo ti ń kà nípa bí èèyàn ṣe lè fọwọ́ ara rẹ̀ po lọ́fínńdà olóròóró nílé, irú èyí tí kò ní ọtí nínú, tí wọ́n ń fi pa ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn etí. Kíkà sú mi, mo ní ó yá. Òróró olóòórùn mọ́kànlá ni mo rà lẹ́ẹ̀kan náà. Ojúkòkòrò ni, mo mọ̀. Bergamot (ẹbí ọsàn ni), ọsàn, lẹ́mọ́ọ̀nù, mint, lavender, geranium, ylang-ylang, kànáfùrù, cinnamon, cedarwood, patchouli. Mo ra ìgò rólọ́ọ̀nù 10 ml kan. Òróró àgbọn tó wà nílé ìdáná ni mo fi là á.

Báyìí ni mo ṣe ṣe é. Mo kán bergamot ní ẹ̀kán 10, ó ń ta sánsán. Mo kán ọsàn lé e, ó tún dùn sí i. Mo kán lavender, mo gbé imú sí i, mo ní kò tíì dé ibi tí mò ń lọ, mo tún kán òmíràn. Nígbà tí mo fi máa kán kànáfùrù àti cinnamon tán, ó ti dà bí ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín. Mo fi ylang-ylang bò ó mọ́lẹ̀. Ylang-ylang bo òun náà àti gbogbo ará ilé rẹ̀. Mo fi mint lé ylang-ylang. Kí n tó mọ̀, ohun tí mo ti kán sínú ìgò ti tó ẹ̀kán 70. Mo fi òróró àgbọn kún ìyókù.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ti ń wá orúkọ tí màá sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta tí mo ṣí i, oògùn ikọ́ ni mo gbọ́. Mo fi pa ọrùn ọwọ́. Kò tó 40 ìṣẹ́jú tí gbogbo rẹ̀ fi fò lọ, kànáfùrù nìkan ló jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí kò rílé lọ. Mo ní kí n tún un ṣe, mo da vanilla tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sí i. Vanilla kọ̀, kò pò. Ó rọlẹ̀ sí ìdí ìgò bí omi àgbàrá. Bí mo bá mì í, á fọ́n káàkiri. Bí mo bá gbé e kalẹ̀, á tún rọra padà síbi tó ti wá.

Níbo ni mo ti ṣì í? Ṣé èyí ṣì ṣeé tún ṣe, àbí kí n dà á nù? Níbo sì ni ẹni tí kò mọ nǹkan kan ti ń bẹ̀rẹ̀? Ẹ má ní kí n lọ ra òróró mìíràn o, owó ti tán lọ́wọ́ mi.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ibi tí mo fi pa lọ́rùn ọwọ́ pọ́n, ó sì ń yún mi láti àná tí mo ti jáde.


Oníṣirò

Èyí tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé yẹn gan-an ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ má jẹ́ kí òróró yẹn kan ara yín mọ́. Ẹ fi òróró lásán tí kò ní òórùn nù ún kúrò, kí ẹ tó fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ bo ọwọ́ náà tí ẹ bá ń jáde sínú oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan. Tó bá wú tàbí tó bá ń bó, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Òróró tó bá ṣàn dáadáa, nǹkan bí ẹ̀kán 20 ló máa ń jẹ́ 1 ml. Ẹ̀kán 70 jẹ́ 3.5 ml. Nínú ìgò 10 ml, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò ju ìdá 10 lọ, ìyẹn ẹ̀kán 20 nínú ìgò yín. Bí awọ ara bá jẹ́ ẹlẹgẹ́, ìdá 5 ti tó.

Bergamot ni mo fura sí jù. Èyí tí wọ́n fún láti ara èèpo ní bergapten nínú, èròjà kan tí kì í bá oòrùn rẹ́. Bí oòrùn bá bá a lára, á jó awọ, ojú ibẹ̀ sì lè dúdú fún oṣù mélòó kan. IFRA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń ṣe ohun olóòórùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, fi gbèdéke lé e: kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ohun tí a fi ń pa ara tí a kì í ṣàn kúrò. Nínú 10 ml, 0.04 ml nìyẹn. Ẹ̀kán kan fúnra rẹ̀ jẹ́ 0.05 ml. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ tí ẹ kán ti kọjá ààlà, ẹ wá kán mẹ́sàn-án lé e. Bergamot tí wọ́n ti yọ bergapten kúrò nínú rẹ̀ wà, FCF ni wọ́n máa ń kọ sára ìgò rẹ̀, òun ni kí ẹ máa rà. Lẹ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n fún láti ara èèpo náà ní gbèdéke tirẹ̀, ìdá 2, ìyẹn ẹ̀kán 4 nínú ìgò yín. Ọsàn dídùn kò ní wàhálà oòrùn.

Cinnamon, ẹ gbé e kúrò nínú ohunkóhun tó máa kan ara, pàápàá èyí tó wá láti ara èèpo igi. Kànáfùrù, ẹ̀kán 1 péré nínú 10 ml. Kí ẹnikẹ́ni má wá bá mi sọ níbí pé ewé àti òdòdó ni gbogbo rẹ̀, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Inú igbó náà ni wèrèpè ti hù.


Ìyá Onígò

Ọmọ mi, jẹ́ kí n máa pè ọ́ ní ìwọ, nítorí bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ rẹ ni mò ń rí ara mi. Ohun tí Oníṣirò sọ ni kí o kọ́kọ́ ṣe, kí o tó ka tèmi.

Ọdún 17 rèé tí mo ti ń po òróró. Ìgò àkọ́kọ́ tí mo pò, òróró mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀, mo fi mẹ́ta jù ọ́ lọ. Ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Bí àwọn èèyàn bá ti ń yìn mí jù, màá lọ ṣí i gbóòórùn.

Imú rẹ kò ṣe nǹkan kan. Òótọ́ ló ń sọ fún ọ ní gbogbo ìgbà tí o bi í, àmọ́ o yára bi í jù. Òróró kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan wà tí mò ń pè ní asáré: ọsàn, lẹ́mọ́ọ̀nù, bergamot, mint. Àwọn ló máa ń kọ́kọ́ kí ọ lẹ́nu ọ̀nà, kí o sì tó dáhùn wọ́n ti lọ. Àwọn aláàárín ló tẹ̀ lé wọn, lavender, geranium, ylang-ylang, kànáfùrù. Wọ́n á bá ọ ṣe wákàtí mélòó kan. Àwọn adúrótì ni cedarwood, patchouli, vetiver, sandalwood, benzoin. Patchouli tí mo kán sórí ìwé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣì ń gbọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ èyí. Nígbà tí o wá ń kán, tí ò ń gbóòórùn, tí o tún ń kán, àwọn asáré nìkan lò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tí yóò kù sí ọ lára kò tíì lanu. O fi mint pa ylang-ylang lẹ́nu mọ́. Mint bá tirẹ̀ lọ, ylang-ylang wá padà dé tòun tìbínú.

(Lavender yìí, ṣé ẹ ti rò ó rí pé orúkọ rẹ̀ la sọ di lọ́fínńdà, tí a wá fi ń pe gbogbo ohun tó bá ti ń ta sánsán? Òdòdó kan ṣoṣo ló jogún gbogbo ìsọ̀. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.)

O ní owó ti tán. Inú mi dùn sí i. Mọ́kànlá tí o ní ti pọ̀ jù. Kó mẹ́jọ sínú àpótí, kí o sì tì í. Fi ọsàn, lavender àti cedarwood sílẹ̀ níta: asáré kan, aláàárín kan, adúrótì kan.

Mú ọ̀kan nínú wọn. Kán ẹ̀kán 1 sínú ẹ̀kán 9 òróró lásán. Òróró tí a kò là máa ń pariwo jù, ariwo náà ni ìwọ á sì gbọ́, o ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Gé ìwé funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ki orí rẹ̀ bọ inú òróró náà, kọ orúkọ òróró àti aago sí ìdí rẹ̀. Kọ ọ́ o! Mo ti to ìwé mẹ́fà sórí tábìlì rí láìkọ orúkọ, mo ní mo dá wọn mọ̀. Ẹnì kan kàn ṣílẹ̀kùn, atẹ́gùn fẹ́ wọn sílẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sán kan bá a lọ. Gbóòórùn ìwé náà lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn wákàtí 1, lẹ́yìn wákàtí 4, kí o tún gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Òróró kan lójúmọ́, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo ohun tí o bá gbọ́ ni kí o kọ sílẹ̀, má sì kọ "ó dùn". Ó dùn bí kí ni? Nínú ìwé tèmi, cedarwood jẹ́ "pẹ́ńsù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ lẹ́nu, ní kíláàsì". Patchouli jẹ́ "ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, àti àpótí aṣọ tí wọn kò ṣí fún ọdún mẹ́ta". Geranium jẹ́ "rósì tó jẹ ewé tútù". Ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín tí o sọ nípa kànáfùrù yẹn, o gbà á dáadáa: eugenol tó pọ̀ nínú kànáfùrù ni àwọn oníṣègùn eyín ń lò. Imú rẹ mọ nǹkan. Ìwé ni kò ní.

Lẹ́yìn náà, má tíì fọwọ́ kan ìgò. Mú ìwé ọsàn àti ìwé cedarwood, mú wọn pa pọ̀ bí abẹ̀bẹ̀, kí o rọra máa fẹ́ wọn níwájú imú. O ti po méjì pọ̀ láìkán nǹkan kan nù. Sún ọ̀kan sẹ́yìn díẹ̀, òórùn náà á yí padà. Tí méjì bá ti bára wọn mu, ìgbà yẹn ni kí o wá kán an: 1 sí 9, 2 sí 8, 3 sí 7, títí dé 9 sí 1. Jean Carles, ará Faransé tó kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn apòórùn níṣẹ́ ní Grasse, bí ó ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn: méjì méjì, ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, kó tó kan ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Mo wá ṣe ọsàn pẹ̀lú cedarwood bẹ́ẹ̀, mo rí i pé ní 3 sí 7 wọ́n di nǹkan kan tí kì í ṣe ọsàn, tí kì í sì í ṣe igi. N kò tíì rí orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Imú náà máa ń dití. Lẹ́yìn mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ti tán fún un. Gbé imú sínú kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ, níbi tí o kò fi nǹkan pa, kí o mí síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí o jáde síta. Èmi kì í ṣiṣẹ́ òróró lẹ́yìn tí mo bá ti jẹun tán, àmọ́ ìyẹn lè jẹ́ tèmi nìkan.

Nígbà tí o bá fẹ́ fi kún ìgò: ọsàn 7, lavender 8, cedarwood 5. Ẹ̀kán 20 pérépéré. Òróró olóòórùn ni kí o kọ́kọ́ kán, kí o jẹ́ kí àwọn nìkan wà pọ̀ fún ọjọ́ kan, kí o tó fi òróró lásán kún un. Òróró àgbọn ilé ìdáná yẹn, má lò ó. Ó ní òórùn tirẹ̀, bí ilé bá sì tutù díẹ̀, á dì mọ́ bọ́ọ̀lù rólọ́ọ̀nù, kò ní yí. Jojoba ló dára jù. Epo ìda ni, kì í tètè kan. Tàbí kí o wá irú òróró àgbọn tí wọ́n ti yọ èyí tó máa ń dì kúrò lára rẹ̀, tó máa ń ṣàn nígbà gbogbo, tí kò sì ní òórùn. Mo mọ̀ pé o ní a kò gbọdọ̀ rán ọ lọ ra nǹkan. Èyí nìkan ni.

Kí o tó fi pa ọrùn, pa díẹ̀ sínú apá, kí o fi í sílẹ̀ di wákàtí 48. Lẹ́yìn ti ọrùn ọwọ́ rẹ yìí, o kò ní jiyàn.

Pa ìgò dé, gbé e síbi tó ṣókùnkùn, kí o má ṣí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Màá tún un sọ: ọ̀sẹ̀ méjì. Mo mọ ọwọ́ yín, ẹ̀yin ọmọ yìí. Tí kò bá ṣeé ṣe, ra ìgò méjì, kí o máa fi ọ̀kan ṣeré.

Ní ti vanilla, omi àti ọtí ló wà nínú ti kéèkì. Òróró kò ní gbà á láéláé, ì báà jẹ́ pé o ń mì í di ọdún tó ń bọ̀. Adùn yẹn tí ò ń wá, benzoin ló ní in. Oje igi ni, ó ki. Gbé ìgò rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó tó ṣàn. Àmọ́ ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

Ìgò rẹ àkọ́kọ́ kò ṣeé tún ṣe fún ara. Má kán nǹkan kan sí i mọ́. Rẹ òwú sí i, kó o fi sínú agolo tó ní ihò lórí, kí o gbé e sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù bàtà. Kànáfùrù máa ń mọ bí wọ́n ṣe ń bá bàtà jà.

Ohun kan kù. Ìwé. Iye ẹ̀kán, ọjọ́, orúkọ òróró, gbogbo rẹ̀. Ní ọdún kẹta mi, mo po ọ̀kan tí ọkọ mi ṣì ń béèrè títí di òní. N kò kọ ọ́. Mo ti po nǹkan bí ogójì tí mo rò pé òun ni.


Imú Méjì

Màmá, ẹ kú àlàyé, ẹ ò ní gbàgbé ohun rere. Ẹ jẹ́ kí n ta kò yín níbì kan ṣoṣo: ẹ̀kán máa ń purọ́. Patchouli ki, ẹ̀kán rẹ̀ tóbi. Ọsàn ṣàn bí omi, ẹ̀kán rẹ̀ kéré. Bí a bá pààrọ̀ dírọ́pà, gbogbo rẹ̀ tún yí padà. Mo po nǹkan kan tó dára pẹ̀lú dírọ́pà kan, mo fi òmíràn tún un pò, èkejì kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Láti ìgbà náà, òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka 0.01 gíráàmù ni mò ń lò. Mo fi ìgò lé e lórí, mo sọ ọ́ di òdo, mo kán, mo ka iye gíráàmù, mo kọ ọ́.

Ohun kejì kì í ṣe àtakò. Bí ẹ bá kúrò lórí òróró ewé àti òdòdó, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí, ẹ ṣọ́ra fún musk, àwọn olóòórùn tó máa ń pẹ́ lára. Mo ra ọ̀kan, Galaxolide. Mo kán an sórí ìwé, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní ayédèrú ni. Mo kán sí i. Mo kán sí i. Àbúrò mi wọlé láti yàrá kejì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fọ́ dànù?" Ó ní òun kò lè mí. Mo wá kà pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í gbóòórùn musk kan tàbí òmíràn, bí wọ́n ṣe bí wọn ni, torí pé ohun tó ń gba òórùn nínú imú kò rí bákan náà lára gbogbo wa. Mo ń gbọ́ àwọn musk mìíràn. Galaxolide nìkan ni imú mi kò mọ̀. Láti ìgbà yẹn, n kì í parí ìgò kankan láìjẹ́ pé àbúrò mi gbóòórùn rẹ̀. Ó ti wá di ọ̀gá mi báyìí, ó máa ń fi ojú sọ fún mi.


Ìyá Onígò

Òtítọ́ lo sọ nípa òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ní owó ti tán, o sì ní kó lọ ra òṣùwọ̀n. Kó fi ẹ̀kán kọ́ ìwà òróró mẹ́ta ná, kó máa lo dírọ́pà kan náà. Èmi fúnra mi lo ẹ̀kán fún ọdún márùn-ún kí n tó ra òṣùwọ̀n.


Ìgò Dúdú

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dárúkọ dírọ́pà: ẹ má fi ìgò tí orí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà dírọ́pà tọ́jú òróró olóòórùn tí a kò là. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, òróró ọsàn ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo tẹ rọ́bà náà, ó lẹ̀ mọ́ ìka mi bí gọ́ọ̀mù, òróró sì ti di pupa rúsúrúsú. Ìdérí lásán ni kí ẹ fi dé e, kí ẹ máa fi dírọ́pà fà á nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó.

Ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí wọn sára ìgò. Atẹ́gùn máa ń yára ba àwọn yẹn jẹ́, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ kì í kàn ṣe pé òórùn rẹ̀ kú, ó máa ń mú kí ara yún. Ìgò dúdú, ibi tó tutù, kí òróró kún ìgò kí atẹ́gùn má ráyè. Lẹ́yìn ọdún kan, èmi máa ń fi tèmi nu ilẹ̀ ni. Patchouli ní tirẹ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù bó bá wù yín, ṣe ni yóò máa dùn sí i.


Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará wa. Ọwọ́ ti ń rọ̀ mí, ibẹ̀ kò wú. Mo ti ti mẹ́jọ mọ́nú àpótí, mo sì fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kọ́kọ́rọ́ pamọ́, torí mo mọ ara mi.

Ìbéèrè kan: kí ló fà á tí ẹnikẹ́ni kì í fi gbóòórùn tèmi àfi tó bá sún mọ́ mi gan-an? Lọ́fínńdà tí mo máa ń rà tẹ́lẹ̀, kí n tó wọlé ni wọ́n ti máa ń mọ̀ pé mo ti dé.


Imú Méjì

Ọtí ló ń ṣe ìyẹn, àbúrò. Bí ẹ bá ti fọ́n ọn, ọtí á fò lọ sínú afẹ́fẹ́, á sì gbé òórùn dání. Òróró kì í fò. Ṣe ló máa ń mú òórùn dání mọ́ ara, tí á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá dì mọ́ yín ló ni ín. Ẹ má torí ìyẹn kán sí i. Bí ẹ bá fẹ́ kó jáde díẹ̀ sí i, ibi tí ara ti máa ń gbóná ni kí ẹ pa á sí: ọrùn ọwọ́, ìdí ọrùn, inú ìgbọ̀nwọ́. Ẹ má fi ọrùn ọwọ́ kan ra èkejì.


Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo ti kọ̀wé síbí. Mo wá jábọ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan. Mo rò pé ó máa sú mi. Ní ọjọ́ kejì lavender, mo gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn wákàtí 4 tí n kò gbọ́ rí lára rẹ̀, ó dà bí koríko gbígbẹ tí oòrùn pa. Mo kọ ọ́. Cedarwood tèmi kì í ṣe pẹ́ńsù, Màmá, ẹ máa bínú: pákó tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ni mo kọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọsàn àti cedarwood bí abẹ̀bẹ̀ sí imú, ó ní àpótí ìdáṣọsí bàbá wa ni. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé igi wà níbẹ̀.

Mo po ọsàn 7, lavender 8, cedarwood 5. Mo ra jojoba kékeré kan, òun nìkan ni mo rà. Ọjọ́ kan ni mo fi wọ́n sílẹ̀ láìfi nǹkan là wọ́n. Mo pa díẹ̀ sínú apá fún wákàtí 48, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo gbé ìgò sínú dúrọ́ọ̀.

Mo ṣí i ní ọjọ́ kẹsàn-án. Mo mọ̀. Ó ṣì mú díẹ̀, bí ẹni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bára wọn jiyàn. Mo tún dé e. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, mo fi pa ọwọ́ láàárọ̀. Ọsàn kọ́kọ́ jáde, ó sì lọ bí ẹ ṣe ní ó máa lọ. Lavender bá mi dé ọ̀sán. Lálẹ́ tí mo fẹ́ sùn, mo gbé ọrùn ọwọ́ sí imú, pákó náà ṣì wà níbẹ̀, ó rọ̀ ju bó ṣe wà lórí ìwé.

Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn mí ni pé ó parí lójijì. Igi náà dúró ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo mú patchouli nìkan jáde, mo kán ẹ̀kán 1 sínú ìgò náà lánàá.


Ìyá Onígò

Sínú èyí tó ti jinná?


Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé.


Ìyá Onígò

Ó dáa tó o kọ ọ́. Má tún fọwọ́ kan ìyẹn mọ́. Mú ìgò mìíràn: ọsàn 7, lavender 8, cedarwood 4, patchouli 1. Gbé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o wá sọ fún mi èwo ni ẹ̀gbọ́n rẹ mú. Kí o sì dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un.